Oòrùn ni Dókítà Wí, Oorun ni A Gbọ́

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mí. Ó dáa. Ẹ̀yin tí ẹ ń mí láìmọ̀ pé ẹ ń mí, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, bí èmi náà ṣe rí tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Mo ń kọ èyí sílẹ̀ nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu ti di ohun tí mo ń ṣọ́ ná, bí ẹni ń ṣọ́ omi lò lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Bíróò kì í béèrè èémí lọ́wọ́ ẹni. Bí ó bá rẹ̀ mí, mo lè gbé e sílẹ̀ kí àyà mi rọlẹ̀, kí n tún padà wá. Ẹ̀yin ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé mo kúrò níbì kankan.

Tíṣà ni mí ní Kabba. Odò-Apé ní ilẹ̀ Bùnú ni wọ́n ti bí mi, ọmọ Owé, ará Kabba níbí, ló gbé mi níyàwó. Bí ẹ bá béèrè mi lọ́wọ́ àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́, wọ́n á sọ fún yín pé èmi ni agogo ilé ẹ̀kọ́ wa. Bí mo bá ní kí kíláàsì mi dákẹ́, kíláàsì tó wà lápá kejì á dákẹ́, ewúrẹ́ tó ń jẹko lẹ́yìn ilé á sì gbórí sókè. Ọkọ mi a máa ní, “Ìyá Tọ́pẹ́, ta lò ń bá sọ̀rọ̀? Ṣé àwọn ará Lọ́kọ́ja ni?” Ohùn yẹn ti lọ. Kì í ṣe pé mo sọ ọ́ nù o, wọ́n ń yọ ọ́ lára mi díẹ̀díẹ̀ ni, lójú mi.

Ẹni tí wọ́n bá ti sọ fún pé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti bàjẹ́ ni mo kọ ọ̀rọ̀ yìí fún, àti ẹni tó ń jókòó nídìí èéfín lójoojúmọ́ tó ń ní kò sí ohun tó ń ṣe òun. Ẹnì kan wà nínú àwọn wọ̀nyẹn tó jẹ́ pé èmi ni mo bí i: Tọ́pẹ́, àkọ́bí mi. Òun ni mo fẹ́ fà kúrò nídìí iná kí ó tó pẹ́ jù. Kí n má tàn yín, n kò tíì rí i fà.

Gààrí ni ìyá mi yàn tọ́ wa. Àtíbàbà kan wà lẹ́yìn ilé wa ní Odò-Apé, ààrò amọ̀ ńlá sì wà lábẹ́ rẹ̀, tí agbada jókòó lé lórí. Èmi á wà lápá ọ̀tún, Dúpẹ́ àbúrò mi á wà lápá òsì, ìyá wa á wà láàárín, a ó máa fi igbá ro gààrí kí ó má baà jóná. Èéfín kan náà ló ń bọ́ sí wa lójú. Bí a bá sunkún, Dúpẹ́ á ní, “Ẹ wò ó, gààrí ń kú, a ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.” Ikọ́ ló pa ìyá wa lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn èèyàn ní ikọ́ àgbà ni. Kò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀.

Àìsàn tèmi kò fi ikọ́ bẹ̀rẹ̀. Ìkíni ló fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ wa mọ̀ pé láti inú kíkí ni wọ́n ti sọ wá lórúkọ, ará Okun. Àlejò a máa rò pé bí òun bá ti ní “Okun o,” òun ti kí èèyàn. Kò tíì kí ẹnikẹ́ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ilẹ̀kùn ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń gun òkè kékeré tó wà níwájú ilé wa lọ sí ilé ẹ̀kọ́, mo pàdé Bàbá Élídà, àgbàlagbà kan ní àdúgbò wa. Mo kúnlẹ̀.

“Okun o, bàbá.”

“Okun, tíṣà. Ṣé dáadáa la jí? Ọkọ ńkọ́?”

“Wọ́n wà, bàbá.”

“Àwọn ọmọ?”

“Wọ́n ń bẹ.”

“Iṣẹ́ ńkọ́? Àwọn ará Odò-Apé ńkọ́? Ṣé òjò ti ń rọ̀ lọ́dọ̀ wọn?”

Èémí mi tán síbi òjò. Mo la ẹnu, ohùn kò jáde. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo dìde, mo kọjá. Kí n tó dé láti ilé ẹ̀kọ́, ìròyìn ti ṣíwájú mi délé.

“Ìyá Tọ́pẹ́,” ọkọ mi wí, “wọ́n ní o juwọ́ sí Bàbá Élídà bí ẹni ń dá takisí dúró.”

“Èémí ló tán nínú mi.”

“Èémí kẹ̀? Wọ́n ní láti ìgbà tí wọ́n ti fi ọ́ ṣe igbákejì ọ̀gá ni.”

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé ìgbéraga ni orúkọ tí àìsàn mi kọ́kọ́ jẹ́. Mo lọ tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ bàbá, àforíjì náà kò sì parí kí èémí tún tó tán. Bàbá wò mí, ó ní, “Ọmọ mi, kì í ṣe ìgbéraga lèyí. Lọ rí dókítà.” Òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́ nínú gbogbo wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá ń ṣàkíyèsí. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti mú ṣọ́ọ̀kì nílẹ̀, mo ní láti dì mọ́ tábìlì kí n tó lè dìde. Bí mo bá ń wé gèlè, ọwọ́ mi á wà lókè, èémí mi á máa já. Ikọ́ wá tẹ̀lé e, ikọ́ tó máa ń mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wá láràárọ̀. Mo ń ké fée bí òkété tí wọ́n dí ihò mọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í sín mí jẹ. Mo ká ọ̀kan mọ́ ibi tó ti ń ṣe é, ó di àyà mú, ó ń mí gùlegùle, ó ní, “Ẹ... ka... ìwé... yín.” Ó ṣe é dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi lè bá a wí. Mo kàn béèrè lọ́kàn ara mi pé, ṣé bí mo ṣe ń dún nìyẹn?

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, Ìyá Bíọ́dún, gbọ́, ó sì kó ẹrù rẹ̀ wá sílé wa láti wá tọ́jú mi. Obìnrin gidi ni. Bí ó bá fẹ́ràn rẹ, o ò ní rí ibi sá sí. Ó gbé orógbó inú oyin wá, ó gbé àgbo ẹfinrin wá, ó gbé àdín wá láti fi ra àyà mi. Ó ní, “Ìyàwó, la ẹnu.” Mo la ẹnu. Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ wòlíì kan tó ní ẹnì kan ló jókòó lé mi láyà nínú ẹ̀mí. Mo ní bí ẹnì kan bá jókòó lé mi láyà, kí ó jọ̀ọ́ bọ́ bàtà rẹ̀. Wòlíì kò rẹ́rìn-ín. Ìyá Bíọ́dún gbá mi létí itan, ó ní kí n ṣe àmín.

Nígbà tó yá ni a lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tí kò bá tíì tò rí, kí ó máa dúpẹ́. A ó dé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, a ó gba káàdì, a ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, bí ẹnì kan bá wọlé, gbogbo wa á sún ìdí díẹ̀ síwájú. Ìgbà tí nọ́ọ̀sì gbọ́ ikọ́ mi, ó ní kí n bọ́ síta, kí n lọ jókòó lábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú àwọn oníkọ́. Obìnrin kan tí mo kọ́ lọ́mọ rí mi níbẹ̀, ó fi ìbòrí bo imú, ó kí mi láti ọ̀ọ́kán. Wọ́n wò mí fún ikọ́ ife, wọn kò rí i. Wọ́n ní ásímà ni, wọ́n fún mi ní oògùn. Kò gbọ́. Ni wọ́n bá kọ̀wé pé kí n lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìlọrin.

Níbẹ̀, wọ́n ya fọ́tò àyà mi, wọ́n sì gbé ọ̀pá kan sí mi lẹ́nu pé kí n fi gbogbo agbára mi fẹ́ atẹ́gùn sí i. Mo fẹ́ ẹ. Nọ́ọ̀sì ní, “Ó yá, Màmá, ẹ bẹ̀rẹ̀.” Mo ti parí.

Dókítà tó gbà mí jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, ọmọ Ìgalà, oníwà pẹ̀lẹ́. Ó ní èéfín ọjọ́ pípẹ́ ti ba ẹ̀dọ̀fóró mi jẹ́, ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà ti ń súnkì, apá ibi tó ti bàjẹ́ kò sì ní padà. Ó tún gba ẹ̀jẹ̀ mi. Nígbà tí èsì ẹ̀jẹ̀ náà jáde, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà tí wọ́n fi ọ́síjìn sí mi nímú, ọkọ mi sì ti lọ ra oògùn níta. Ìyá Bíọ́dún nìkan ló wà níbẹ̀. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Dókítà náà, nítorí ọ̀wọ̀ tó ní fún un, ní òun á fi Yorùbá sọ ọ́. Inú rere yẹn ló bà wá jẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ mọ̀ pé ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀: oòrùn tó ń ràn lókè, oorun tí à ń sùn. Dókítà wa kò ní ohùn méjèèjì. Ọ̀kan ṣoṣo ló ní, ó sì fi í sọ gbogbo rẹ̀.

Ó ní, “Màmá, oorun kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kí ó máa wà nínú oorun láràárọ̀. Oògùn yìí, oorun náà ló wà nínú rẹ̀.”

Ìyá Bíọ́dún kúnlẹ̀ dúpẹ́. Nínú mọ́tò tí a wọ̀ bọ̀ wálé, ó ń sọ fún gbogbo èrò ọkọ̀: “Mo ti wí i! Obìnrin tó ń máàkì ìwé ọmọ ọlọ́mọ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, níbo ni yóò ti rí oorun? Dókítà kékeré yẹn mọ̀wé.”

Ẹ máa ní ṣebí tíṣà ni mí, kí ló dé tí n kò bi í léèrè? Ikọ́ kò jẹ́ kí n sùn láti bí oṣù mélòó kan. Ẹni tí ebi ń pa, bí wọ́n bá ní oúnjẹ ló máa wò ó sàn, ṣé á jiyàn? Ọ̀rọ̀ náà bá mi lára mu. Ìyá Bíọ́dún kó mi kúrò ní yàrá tó kọjú sí ojú títì, ó kó mi sí yàrá ẹ̀yìn nítorí pé ibẹ̀ ló dákẹ́ jù. Ó fi aṣọ dúdú dí fèrèsé. Láràárọ̀, bí mo bá ti mu ẹ̀kọ tán, ó di orí bẹ́ẹ̀dì. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ̀rọ̀ sókè ní àgbàlá, ó dáràn. Mo gbádùn rẹ̀, kí n má parọ́. Bí ọkọ mi bá ní, “Ìyá Tọ́pẹ́, ọ̀sán ti pọ́n,” mo máa ní, “Má dá oògùn mi dúró.”

Ohun méjì ni n kò mọ̀. Èkíní, yàrá ẹ̀yìn yẹn ni ògiri rẹ̀ kan ilé ìdáná, igi ni Ìyá Bíọ́dún sì fi ń dáná, èéfín ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé wá bá mi níbi tí mo ti ń gba ìwòsàn. Èkejì, oògùn tí dókítà fún un wà ní ìsàlẹ̀ báàgì rẹ̀. Kò fún mi ní ẹyọ kan. Ó ní tòun, oògùn oorun kì í ṣe ohun tí à ń fún ẹni tí kò mí dáadáa, ó lè sùn lọ láìpadà. Bí ẹ bá rò ó dáadáa, ọgbọ́n wà níbẹ̀.

Nígbà tí a padà lọ, n kò lè rin láti ibi tí mọ́tò já wa sí dé ẹnu ọ̀nà. Kẹ̀kẹ́ aláìsàn ni wọ́n fi gbé mi wọlé. Dókítà fi Yorùbá rẹ̀ kí mi.

“Màmá, ṣé ẹ ń wà nínú oorun?”

“Dáadáa, dókítà. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán.”

“Títí di ọ̀sán? Ó pọ̀ jù. Kì í jó yín lára?”

“Kí ni yóò jó mi lára? Mo máa ń da aṣọ bora.”

“Ẹ ń da aṣọ bora nínú oorun?”

“Òtútù ńkọ́?”

Ó yíjú sí Ìyá Bíọ́dún. “Níta ni ẹ ń gbé e sí?”

“Níta kẹ̀!” ni Ìyá Bíọ́dún wí. “Ṣé ẹranko ni? Nínú yàrá ni. Mo fi aṣọ dúdú dí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ má baà dà á láàmú.”

Dókítà dìde. Ó ká aṣọ fèrèsé sókè, ó na ìka sí ojú ọ̀run. “Oorun!” ó wí. “Oorun yẹn!”

Ìyá Bíọ́dún wo ìka náà, ó wo òkè, ó wá fi ọwọ́ méjèèjì lérí. “Yéè,” ó wí, “oòrùn.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikọ́, ikọ́ náà di èémí tí kò wọlé mọ́, wọ́n sáré gbé ọ́síjìn wá. Láàárín rẹ̀ náà mo ṣì ń sọ pé ọpẹ́lọpẹ́ pé kò já sí òórùn, wọn ì bá máa fín mi ní lọ́fínńdà. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Dókítà rẹ́rìn-ín. Ìyá Bíọ́dún kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ oògùn náà láti ìsàlẹ̀ báàgì, ó gbé e lé tábìlì bí ẹni tó jí ẹran, ó ní, “Ìyàwó, ọwọ́ mi yìí ni mo fi dí fèrèsé.” Mo ní ìfẹ́ ló fi dí i. Ó sunkún títí a fi délé. Wọ́n tún gbé ọ̀pá ìfẹ́ atẹ́gùn sí mi lẹ́nu lọ́jọ́ náà. Ohun tó kù nínú mi ti dín sí ti àkọ́kọ́.

A wá bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Ọkọ mi ra gáàsì kékeré kan, a kò fi igi dáná mọ́. Mo ń lo oògùn, àti ìnhélà tí mo ń fà sẹ́nu. Láràárọ̀ mo ń jókòó sí iwájú ilé nínú oòrùn, ẹsẹ̀ nínà, aṣọ kíká sí eékún. Àwọn tó ń kọjá á ní, “Tíṣà, okun o! Ṣé ẹ ti di aláǹgbá ni?” Mo máa ń mi orí sí wọn bí aláǹgbá. Ìrètí mi ga nígbà náà. Mo rò pé ẹni tó bá ti mọ àṣìṣe rẹ̀ ti bọ́.

Wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ mi. Díẹ̀ báyìí ni oòrùn inú rẹ̀ fi sún sókè, kò tó ohun tí wọ́n ń retí. Mo ní, “Dókítà, inú oko ni mo dàgbà sí. Oòrùn ti lu ẹ̀yìn mi láti kékeré. Báwo ni oòrùn ṣe lè wọ́n lára mi?” Gẹ̀ẹ́sì ló fi dá mi lóhùn. Láti ọjọ́ yẹn ló ti gbé Yorùbá rẹ̀ sápò.

Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyí. Oòrùn máa ń fi ohun kan sí wa lára, tí wọ́n ń pè ní fítámìn D. Ara ní láti gbé e káàkiri inú ẹ̀jẹ̀, kí ó tún yí i padà sí ohun tí ẹ̀dọ̀fóró lè lò láti tún ara rẹ̀ ṣe. Ohun tó ń gbé e àti ohun tó ń yí i padà kò rí bákan náà lára gbogbo èèyàn. Láti inú bàbá àti ìyá ẹni ni ìyàtọ̀ náà ti ń wá. Ó ní kí n wo ilé méjì tí òjò kan náà ń rọ̀ lé: ọ̀kan ní ọ̀pá tó gbé omi dé inú àgbá, ti èkejì jò. Òjò kọ́ ló dín. Mo bi í nípa Dúpẹ́, tó ṣì ń yan gààrí lórí ààrò ìyá wa dòní, tó lè fi èémí kan kọrin títí orin á fi parí. Ó ní ó lè jẹ́ pé ọ̀pá tirẹ̀ kò jò. Ó ní èéfín ló dá egbò náà, òun kò sì lè búra pé ìyàtọ̀ yìí nìkan ni kò jẹ́ kí tèmi jinná, àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lé e lórí. Oògùn lè mú kí ìgbà tí àìsàn ń dìde sí mi dín kù. Kò ní dá èémí tó ti lọ padà. Mo bi í bóyá mo ti fún ọmọ mi ní ọ̀pá tó jò. Ó ní ó ṣeé ṣe. Mo ní báwo ni mo ṣe máa mọ̀? Ó ní wọn kì í yẹ irú ẹ̀ wò nítòsí wa, kí ó ṣáà má jókòó nídìí èéfín.

Ìdí èéfín náà gan-an ni Tọ́pẹ́ wà. Ó ti parí ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, kò ríṣẹ́, ó lọ sọ́dọ̀ Dúpẹ́ ní Odò-Apé, ó ń yan gààrí. Mo pè é wálé, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, pẹ̀lú òjò àti àgbá.

Ó ní, “Mọ́mì, ẹ wo Àǹtí Dúpẹ́. Láti kékeré ni wọ́n ti wà níbẹ̀, wọn kì í wúkọ́.”

“Dúpẹ́ kọ́ ló bí ẹ. Èmi ni.”

“Dádì náà ńkọ́? Ó lè jẹ́ ti Dádì ni mo gbé.”

“Ó lè jẹ́.”

“Ẹ ò rí i!”

“Ó sì lè má jẹ́ ẹ̀, Tọ́pẹ́.”

Ó wo ọwọ́ mi. “Ìnhélà yín tó wà lọ́wọ́ yín yẹn, Mọ́mì, kí ni a fi rà á?”

Gààrí ni. Owó oṣù bàbá rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ ń wá bó ṣe wù ú, tèmi sì ti dúró láti ìgbà tí mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Èéfín tó bà mí jẹ́ ló ń ra oògùn mi. Dúpẹ́ ní tirẹ̀ fi í ṣàwàdà nígbà tí mo pè é lórí fóònù: “Ẹ̀gbọ́n mi, èéfín mọ̀ mí. Ẹ̀yin tí ẹ lọ síléèwé ló ń bínú sí.” Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ta ni kò ní rẹ́rìn-ín? Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ń kó Tọ́pẹ́ padà sídìí iná.

Mo gbìyànjú ọgbọ́n kan. Mo ní bí ó bá jẹ́ pé owó èéfín ni yóò ra oògùn, n kò lò ó mọ́. Mo fi ìnhélà sínú àpótí, mo tì í. Ọyẹ́ ti dé nígbà náà, eruku ti bo òkè Kabba. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi fi takisí gbé mi lọ sílé ìwòsàn, ètè mi ti dúdú. Tọ́pẹ́ wá. Ó jókòó tì mí, ó ń fẹ́ mi. Nígbà tí mo jí dáadáa, ó ní, “Ẹ ò tún ní ṣe irú ẹ̀ mọ́, ṣé ẹ gbọ́?” bí ẹni ń bá ọmọ wí. Ó padà sí Odò-Apé, ó fi agbada kejì kún èyí tó ń yàn, kí ó lè san owó ilé ìwòsàn. Ète tèmi di igi ìdáná fún un.

Àti pé kí ó tó lọ, ó wúkọ́. Kékeré ni, gbígbẹ. Mo wò ó. Ó ní, “Eruku ọyẹ́ ni, Mọ́mì.” Ó lè jẹ́ eruku. Ọyẹ́ ti lọ báyìí. Ikọ́ náà kò bá a lọ.

Bí mo ṣe wà nìyí. N kò kọ́ni mọ́. Orí àpótí ni mo ń jókòó wẹ̀, ọkọ mi ló ń bu omi sí mi lẹ́yìn. Láti yàrá dé ìta, mo máa ń sinmi lọ́nà. Àìsàn náà kì í dìde lemọ́lemọ́ bíi tẹ́lẹ̀, ìyẹn ni oògùn ń ṣe, mo sì dúpẹ́ fún un. Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ fún, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ oògùn yín sílẹ̀, kí ẹ̀yin fúnra yín gbọ́ ohun tí dókítà sọ, ẹ sì kúrò nídìí iná. Ẹ má fi ẹni tó jókòó tì yín tí kò wúkọ́ ṣe ẹ̀rí. N kò ní sọ fún yín pé ẹ̀ ń bọ̀ wá mí bíi tẹ́lẹ̀. Ẹ lè máà wúkọ́ púpọ̀, ìwọ̀n tí mo lè ṣèlérí nìyẹn.

Láìpẹ́ yìí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Odò-Apé ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjà, tí iṣẹ́ gààrí pọ̀ jù. Bàbá Tọ́pẹ́ á fi ọ̀kadà gbé mi lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á di àga mi mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, á gbé mi kalẹ̀ sábẹ́ igi kájú, níbi tí èéfín kì í dé. Iṣẹ́ mi níbẹ̀ ni kí n máa pe Tọ́pẹ́. Mo fẹ́ omi. Mo fẹ́ aṣọ ìborùn. Eèrà wà lára mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè é, ó ní láti kúrò nídìí ààrò. Dúpẹ́ ní, “Ẹ̀gbọ́n, omi yìí mà pọ̀ o. Ṣé ẹja ni yín ni?” Ó dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n Tọ́pẹ́ kì í ṣe òmùgọ̀. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán ọmọ àwọn ẹlòmíràn sí mi.

Lọ́jọ́ tí mo lọ kẹ́yìn, atẹ́gùn yí padà lójijì. Èéfín kọrí sọ́dọ̀ mi gẹ́rẹ́. N kò pe ẹnikẹ́ni, n kò lè pè. Tọ́pẹ́ ló gbójú sókè. Ó rí mi. Ó gbé odindi korobá omi, ó dà á sínú ààrò, gààrí kò tíì gbẹ nínú agbada. Gbogbo àwọn obìnrin ké. Dúpẹ́ ní, “Tọ́pẹ́! Gààrí náà!” Kò dá a lóhùn. Ó sáré wá, ó gbé mi bí ọmọ kékeré lọ sí iwájú ilé, ó dì mí mú, àwa méjèèjì ń mí. Kò dá iná mọ́ lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, Dúpẹ́ pè láti sọ fún mi pé Tọ́pẹ́ ti tún iná náà dá.

Ọ̀la ni a tún ń lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ yìí, Bàbá Tọ́pẹ́ ń nu àga náà, ó bi mí bóyá abẹ́ igi kájú ni kí òun gbé e sí. Mo ní rárá, kí ó gbé e sí ìhà kejì, lẹ́yìn ààrò.

Ó dá aṣọ tó fi ń nu àga dúró. “Ìyá Tọ́pẹ́, ibẹ̀ ni èéfín ń gbà.”

“Mo mọ̀,” mo wí. “Ibẹ̀ ni Tọ́pẹ́ á ti rí mi.”